Ẹ̀fúùfù Tí Ń Fẹ́ Láti Inú Oòrùn

Kò sí ẹni tí ó ti lo ọdún kan ní òkè Ọya tí kò mọ ọyẹ́. A kò rí ọwọ́ rẹ̀, a kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ètè bá ń là, tí eruku sì bo ojú fèrèsé, a mọ̀ pé ó ti dé. Ẹ̀fúùfù mìíràn wà tí a kò lè fi ojú rí, tí ń fẹ́ láti inú oòrùn wá bá ilé ayé tọ̀sán-tòru. Ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ó kọ́ wa bí ó ti yẹ kí a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Abẹ́rẹ́ kékeré ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ ọ̀nà lójú òkun, a máa kọjú sí àríwá nítorí pé ilé ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà ńlá. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn abẹ́rẹ́ náà a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1741, Anders Celsius ní Uppsala ní ilẹ̀ Swídìn àti George Graham ní Lọ́ńdọ́nù rí ìgbọ̀n yìí ní ọjọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ tí ó ju ìlú kan lọ ni, nígbà náà. Òun ni a ń pè ní ìjì òòfà.

Ní ọdún 1826, apòògùn kan ní Dessau ní ilẹ̀ Jámánì, Heinrich Schwabe, bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àmì dúdú tí ó wà lójú oòrùn. Ó ń kà wọ́n títí di 1843, ó sì rí i pé wọ́n a máa pọ̀, wọ́n a sì tún dín kù, ní ìwọ̀n ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. A mọ̀ lónìí pé ó tó bí ọdún 11. Ní 1852, Edward Sabine, ọ̀gágun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ìgbà tí àmì dúdú bá pọ̀ lójú oòrùn náà ni ìjì òòfà ń pọ̀ láyé. Ta ni ì bá rò ó pé ohun tí ó wà lójú oòrùn yóò mi abẹ́rẹ́ tí ó wà lórí tábìlì?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1859, Richard Carrington ń ya àwòrán àwọn àmì dúdú wọ̀nyí ní ilé rẹ̀ ní Redhill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ méjì tí ń tàn yòò bẹ́ jáde láàárín wọn. Ó sáré lọ pe ẹni tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi padà, ìmọ́lẹ̀ náà sì ti ń kú lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ Richard Hodgson, tí òun náà rí i níbòmíràn. Ní nǹkan bí wákàtí 17 lẹ́yìn náà, òòfà ayé dàrú. Ìmọ́lẹ̀ pupa bo ojú ọ̀run lóru títí dé Kúbà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ tẹligíráàfù tú bátìrì wọn sílẹ̀, agbára tí ìjì náà gbé sínú wáyà sì tó wọn láti fi ránṣẹ́ láàárín Boston àti Portland. Ní Róòmù, Fadá Angelo Secchi, ọmọ ẹgbẹ́ Jésúìtì, tí ó dá ilé ìwọn òòfà sílẹ̀ ní Collegio Romano, kọ ìròyìn bí àwọn abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ti dàrú. Síbẹ̀ Carrington kò fọ́nnu. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi ṣe ìdájọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìmọ̀ kò gbà. Ní 1892, Lord Kelvin, ààrẹ ẹgbẹ́ Royal Society, ṣe ìṣirò pé agbára tí oòrùn yóò ná sórí ìjì òòfà wákàtí mẹ́jọ péré yóò tó èyí tí ó fi ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ó sì fi ń mú ooru fún oṣù mẹ́rin. Nítorí náà, ó ní kò sí àjọṣe kankan láàárín àwọn méjèèjì. Àṣìṣe kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ́. Ó rò pé bí fìtílà ti ń tan ìmọ́lẹ̀ ká gbogbo iyàrá ni oòrùn yóò ti fọ́n agbára náà ká. Ní 1904, Walter Maunder yẹ àkọsílẹ̀ ilé ìwòràwọ̀ Greenwich wò, ó sì rí i pé ìjì òòfà a máa padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 27, iye ọjọ́ tí oòrùn fi ń yí po bí a bá ń wò ó láti ayé. Ohun náà ń jáde láti ojú kan lára oòrùn, bí omi tí ń jáde láti ẹnu rọ́bà tí a ń yí kiri.

Ìràwọ̀ onírù ni ó tún la ọ̀nà sí i. Ìrù rẹ̀ kì í tẹ̀ lé e bí ìrù ẹṣin tí ń sáré; bí ó ń bọ̀ ni o, bí ó ń lọ ni o, ọ̀nà tí ó jìnnà sí oòrùn ni ìrù náà ń nà sí. Ní 1951, Ludwig Biermann ní Jámánì ní ohun kan ní láti máa fẹ́ láti inú oòrùn láìdúró tí ń tì í bẹ́ẹ̀. Ní 1958, Eugene Parker ní Yunifásítì Chicago ṣe ìṣirò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó yí oòrùn ká gbóná ju ìwọ̀n mílíọ̀nù kan lọ. Oòrùn kò lè fà á mọ́ra pẹ́. Ó ní láti máa ṣàn jáde, kí eré rẹ̀ sì máa pọ̀ sí i, títí yóò fi máa sá ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni ó sọ ọ́ ní ẹ̀fúùfù oòrùn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tí a fi ìwé náà hàn sọ pé kò yẹ ní títẹ̀. Olóòtú ìwé ìròyìn ìmọ̀ náà ni Subrahmanyan Chandrasekhar, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn èrò yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí àṣìṣe kan nínú ìṣirò ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò pẹ́ tí ẹ̀rí fi dé. Ní 1959, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Luna ti Rọ́ṣíà kan ẹ̀fúùfù náà lójú ọ̀nà. Ní 1962, Mariner 2 ti Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n bí ó ti ń lọ sọ́dọ̀ Àgùàlà, ó sì rí i pé kì í dá fífẹ́ dúró.

Òòfà ayé dàbí odi ìlú tí ń yí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀fúùfù yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí oòrùn bá ju èyí tí ó lágbára lù ú, odi náà a mì, iná a sì ṣàn nínú wáyà gígùn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1989, ìjì bẹ́ẹ̀ pa iná Quebec ní Kánádà. Mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn wà nínú òkùnkùn fún bí wákàtí mẹ́sàn-án. Ní 2018, Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ òfuurufú kan sí ẹ̀bá oòrùn, wọ́n sì fi orúkọ Parker pè é. Ó wà níbẹ̀ tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó pé ẹni ọdún 91. Ó kú ní 2022.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Chandrasekhar kò fara mọ́ èrò Parker, ṣùgbọ́n kò fi àìfẹ́ tirẹ̀ dí òtítọ́ lọ́nà. Ní ilé wa, ní ìjọ, àti ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí a dá sílẹ̀ ní àjò, mélòó nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni a ti pa mọ́ wọn lẹ́nu kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò? Kí a tó béèrè pé ta ni ó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé kí ni àṣìṣe inú rẹ̀. Bí a kò bá rí ìkankan, ẹ jẹ́ kí a fún un láyè.