Wáyà Abẹ́ Òkun àti Ilẹ̀ Tí Ó Gbé E Dúró

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun kan àwa ará Òtu pàápàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọ̀dàn ni a wà.

Ní 18 Oṣù Kọkànlá 1929, ilẹ̀ mì ní Grand Banks, lẹ́bàá Kánádà. Wáyà tẹligíráàmù 12 já. Èyí tí ó jìnnà jù ni ó já kẹ́yìn. Ní 1952, Heezen àti Ewing ṣàlàyé pé ilẹ̀ ni ó ya lábẹ́ òkun, tí ẹrẹ̀ sì ṣàn lọ já wọn.

Báwo ni a ṣe ń mọ ilẹ̀ tí ó lè ya? Bí ẹni tí ó fẹ́ ra ìkòkò ti ń fi ìka lù ú kí ó lè mọ̀ bóyá ó sán, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń ti inú ọkọ̀ fi ìró ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun. Nínú ẹrẹ̀ rírọ̀, ìró ń rin nǹkan bí 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ti inú omi. Nínú àpáta, ó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, wọ́n tún ń bu ẹrẹ̀ náà wá sókè láti dán agbára rẹ̀ wò.

Ní 14 Oṣù Kẹta 2024, wáyà WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já lẹ́bàá Abidjan. Iṣẹ́ báńkì dàrú ní Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ MainOne ní ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni ó yẹ̀. Nítorí náà, kí a tó tẹ́ wáyà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ tẹ́tí sí ilẹ̀.