Àwo Orin Manhattan Transfer: Kí Ni A Gbọ́ Gan-an?

Àwọn tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn, ó sì dá mi lójú pé ìtàn ilé ìwé wa ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹ má bínú, àwọn mìíràn á ṣe ìyẹn dáadáa jù mí lọ. Ìtàn àwo orin kan ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé gbèsè kan wà lọ́rùn mi lórí rẹ̀ láti 1976, ojú gbogbo yín ni mo sì ti jẹ ẹ́.

Ṣé ẹ rántí ọ̀sán Sátidé tí ọ̀gá orin wa gbé gírámáfóònù wá sí yàrá orin, tí ó ní kí gbogbo Fọ́ọ̀mù Kẹrin jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀? Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti mú àwo náà bọ̀. Ó gbé e sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin méjìlá gbáko. Lẹ́yìn náà ó pín bébà kéékèèké fún wa, ó sì kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí ojú pátákó: Kí ni ẹ gbọ́?

Ìjà ni ìbéèrè yẹn dá sílẹ̀. Ẹnì kan (ó ti di dókítà báyìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀) ní orin bàbá òun ni, pé irú rẹ̀ kún inú àpótí bàbá òun, kí ló wá dé tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ ọ́? Ẹlòmíràn ní ó dà bíi kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì tó yà sí páàtì. Ẹnì kan ní oorun ló ń kun òun, James Brown lòun mọ̀ jàre. Èmi ní tèmi, tí mo rò pé mo gbọ́n ju gbogbo yín lọ nígbà náà, mo kọ ọ́ pé òyìnbó mẹ́rin wọ aṣọ àwọn bàbá wọn, wọ́n ń kọ orin àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ń gba owó rẹ̀. Ọ̀gá kà á sókè, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Màákì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni ó fún mi. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Aṣọ ni ìwọ gbọ́."

Òótọ́ sì ni, a ti rí àwòrán wọn nínú ìwé ìròyìn òkèèrè kan ní láíbìrì: ọkùnrin méjì nínú kóòtù dúdú àti táì labalábá, obìnrin méjì nínú gáùn gbọọrọ bíi ti ìgbà ogun Hitler. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀gá dùn mí, ó sì pẹ́ kí ó tó kúrò lọ́kàn mi. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ka jáàsì sí orin ọmọ ìta. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé Fẹlá Ṣówándé fúnra rẹ̀, tí a mọ̀ mọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ti lu jáàsì ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1930.

Àwọn wo wá ni àwọn mẹ́rin yìí? The Manhattan Transfer ni orúkọ wọn. Tim Hauser ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní New York ní 1969. Wọ́n ṣe àwo kan ní 1971, kò lọ síbi kankan, ẹgbẹ́ sì tú ká. Hauser bá di awakọ̀ takisí. Ní 1972 ó gbé obìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ agbáwo, tí ó sì ń fẹ́ di akọrin. Laurel Massé nìyẹn. Èrò ọkọ̀ mìíràn ni ó mú un dé ọ̀dọ̀ Janis Siegel. Alan Paul, tí ó ń ṣeré nínú Grease ní Broadway, ni ẹnì kẹrin. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ tí ayé wá mọ̀ yìí, inú takisí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá! Orúkọ náà, ìwé ìtàn tí John Dos Passos kọ ní 1925 ni wọ́n ti mú un, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ ojú irin gidi ni Manhattan Transfer jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní New Jersey, níbi tí èrò ti máa ń bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n tì í pa ní 1937. Orúkọ ibi tí kò sí mọ́ ni wọ́n fi ń jẹ́.

1975 ni àwo tí a gbọ́ yẹn jáde lábẹ́ Atlantic. Ahmet Ertegun, tí ó wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, àti Hauser ni wọ́n jọ bójú tó o. Amẹ́ríkà ìgbà yẹn ti rẹ̀ pátápátá. Ààrẹ Nixon ti fi ipò sílẹ̀ ní 1974, ogun Vietnam sì parí ní 1975 kan náà. Àwọn èèyàn ń wo ẹ̀yìn: sinimá The Sting àti American Graffiti jáde ní 1973, Bette Midler gbé orin ìgbà ogun dìde ní ọdún yẹn náà, àwọn Pointer Sisters láti Oakland, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ń wọ aṣọ àtijọ́ kọ orin àtijọ́. Nítorí náà Manhattan Transfer kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ àárò yìí. Wọ́n bá a lójú ọ̀nà ni. Orin kan láti inú àwo náà, Operator, wọ ipò 22 ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS sì fún wọn ní ètò tiwọn fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún náà.

Èrò àwọn tó gbọ́ ọ wá pín, bí tiwa ṣe pín ní yàrá orin. Àwọn tó ti dàgbà ní ìgbà ogun gbọ́ ọjọ́ èwe wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí gbọ́ nǹkan tuntun. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jáàsì, ọ̀pọ̀ nínú wọn, gbọ́ àwàdà: wọ́n ní eré ìtàgé lásán ni, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni irú èmi náà wà lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń bèèrè pé ta ló ni orin.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìbéèrè yẹn, nítorí pé orí rẹ̀ ni ẹ̀sùn mi dúró. Orin tó ṣí àwo náà ni Tuxedo Junction. Ibì kan lóòótọ́ ni, oríta ọkọ̀ ojú irin ìgboro ní Ensley, ní ìlú Birmingham ní Alabama, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti máa ń lọ jó ní ìgbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n bá òyìnbó jó pọ̀. Erskine Hawkins, ọmọ Birmingham tí ó ń fọn tìróńpẹ́ẹ̀tì, ni òun àti báńdì rẹ̀ gbà á sílẹ̀ ní 1939. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé mi, ẹ gbọ́ o: báńdì akẹ́kọ̀ọ́ ni báńdì yẹn nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Alabama State. Ní 1940 Glenn Miller, tí ó jẹ́ òyìnbó, gba orin kan náà sílẹ̀, tirẹ̀ ló sì gun òkè téńté. Títí dòní, bí ẹ bá bi àwọn àgbà pé ta ló ni Tuxedo Junction, Miller ni ọ̀pọ̀ yóò pè.

Nígbà tí àwọn mẹ́rin yìí wá kọ ọ́ ní 1975, ta ni wọ́n ń rántí, Hawkins ni àbí Miller? Ẹni tó jó sí Miller yóò gbọ́ Miller, ẹni tó dàgbà ní Ensley yóò gbọ́ ilé rẹ̀. Èmi gbọ́ olè. Bẹ́ẹ̀ ká ní mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí àárín àwo ni, n bá rí orúkọ Hawkins pẹ̀lú ti Bill Johnson àti Julian Dash gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣe orin náà. Wọn kò fi wọ́n pamọ́. N kò kúkú wò ó.

Àwọn orin yòókù náà ní ilé tí wọ́n ti wá. Java Jive, ti Ink Spots ni ní 1940. Gloria, àwọn Cadillacs ti kọ ọ́ ní àárín àwọn ọdún 1950. Occapella, Allen Toussaint ti New Orleans ló ṣe é. Operator yẹn fúnra rẹ̀, orin ẹ̀mí ni, William Spivery ló ni ín, kí ó tó di orin pop. Ẹ̀sùn mi kì í ṣe irọ́ nígbà náà. Ibi tó kù sí ni pé mo rò pé ó ti tán síbẹ̀.

Ohun kan tí n kò mọ̀ ni pé àárò kọ́ ni gbogbo rẹ̀ fún Hauser. 1941 ni wọ́n bí i, ọ̀dọ́langba ni ní àwọn ọdún 1950, ó sì ń kọrin ní New Jersey nínú ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Criterions, irú orin doo-wop tí àwọn ọmọkùnrin máa ń kọ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n tilẹ̀ gba rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀ ní 1959. Bí ó ti ń kọ Gloria ní 1975, ìgbà èwe ara rẹ̀ ló ń kọ. Ṣùgbọ́n Siegel, 1952 ni wọ́n bí i. Ní ti Tuxedo Junction, kò sí èyí tó ti dáyé nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tó jáde. Àárò ibi tí èèyàn kò dé rí, ṣé àárò ni?

Àwọn ará Yúróòpù kò da ara wọn láàmú pẹ̀lú ìbéèrè yẹn. Ní 1977 Chanson d'Amour, láti inú àwo wọn tó tẹ̀lé ti 1975, gba ipò kìíní ní Britain fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Àwọn tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà lára wa á rántí. Ní 1978 àwọn fúnra wọn pe àwo kan ní Pastiche, ìyẹn ni pé iṣẹ́ àfarawé. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i: èébú tí wọ́n ń bú wọn ni wọ́n sọ di orúkọ. Ṣùgbọ́n inú àwo yẹn gan-an ni Four Brothers wà, orin tí àwọn sásófóònù báńdì Woody Herman fọn ní 1947, tí Jon Hendricks ti wá fi ọ̀rọ̀ sí. Ohùn èèyàn ń sáré lé ohùn fèrè, kò sì já.

Hendricks yìí ni ó ṣe pàtàkì. Aláwọ̀ dúdú ni, àgbà jáàsì ni, láti 1957 sí 1962 òun, Dave Lambert àti Annie Ross ni wọ́n sọ iṣẹ́ fífi ọ̀rọ̀ sí orin fèrè di ńlá. Ó kọ ọ̀rọ̀ Birdland fún wọn ní 1979. Ọdún yẹn ni Cheryl Bentyne rọ́pò Massé, ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ti ṣe. Ní 1982 wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ Grammy ti pop àti ti jáàsì lọ́jọ́ kan náà, ohun tí ẹgbẹ́ kankan kò ṣe rí. Nígbà tó di 1985, Hendricks kọ ọ̀rọ̀ gbogbo orin inú Vocalese, báńdì Count Basie bá wọn lu nínú rẹ̀, Dizzy Gillespie fọn, wọ́n sì yàn wọ́n fún Grammy nígbà méjìlá. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi dáhùn àwọn tó ní kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àwọn kan tó fẹ́ràn àwo 1975 tún wá ń ráhùn pé wọ́n ti fi orin dídùn sílẹ̀, wọ́n ń ṣe ìṣirò. Àwa olùgbọ́ náà sòro o.

Hauser kú ní October 2014. Àwọn tó kù ń bá a lọ pẹ̀lú Trist Curless títí di December 2023, tí wọ́n kọrin ìkẹyìn ní Los Angeles. Ìròyìn yẹn ni ó mú mi wá àwo 1975 jáde. Mo jókòó, mo pa iná, kí n má baà rí aṣọ ẹnikẹ́ni. Mo ṣe bí ọ̀gá ti kọ́ wa láti máa ṣe pẹ̀lú híìmù: mo fi sopránò sílẹ̀, mo dì mọ́ ohùn kejì láti ìsàlẹ̀, mo tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ Tuxedo Junction dé òpin. Ìrìn rẹ̀ kò yá rárá. Ibi tí ohùn mẹ́rin ti rìn súnmọ́ ara wọn débi pé ìka kò lè wọ àárín wọn, ohùn tí mo ń tẹ̀lé sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́. N kò mọ èyí tí ó jẹ́ ọkùnrin, n kò mọ èyí tí ó jẹ́ obìnrin. Sásófóònù ni mo ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ èèyàn ni wọ́n. Mo dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n tó rí ohùn mi yẹn mú títí dé ìparí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní tẹ́nọ̀ pẹ̀lú mi mọ ohun tí mò ń sọ.

Lẹ́yìn náà mo wá ti Hawkins ti 1939, mo gbọ́ ọ tẹ̀lé e. Ti Hawkins ni mo fẹ́ràn jù, mo ṣì dúró lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin yẹn ni wọ́n kọ́ mi ní ọ̀nà ilé rẹ̀, nítorí láìsí àwo tí ọ̀gá mú bọ̀, ibo ni ọmọ Fọ́ọ̀mù Kẹrin ì bá ti gbọ́ orúkọ Ensley?

Mo ti gbọ́ pé ọ̀gá orin wa ń bọ̀ níbi ìpàdé yìí, pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n díẹ̀ ṣùgbọ́n etí wọn ṣì dá ṣáká. N óò gbé àwo náà dání. Kí ìgbìmọ̀ jọ̀ọ́ bá mi wá gírámáfóònù tó ń ṣiṣẹ́ àti bébà kéékèèké. Ọ̀gá, mo fẹ́ tún ìdánwò yẹn ṣe. Màákì mẹ́fà tó kù ni mo ń bọ̀ wá gbà.