Àṣàyàn

Àwọn kan máa ń pe ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà èyíkéyìí ní àṣàyàn. Ọ̀rọ̀ náà kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣà" ni kí a máa mú nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀. "Yàn" ni kí a pinnu èyí tí a fẹ́. Àṣàyàn lè jẹ́ iṣẹ́ yíyàn náà, ó sì lè jẹ́ ohun tí a yàn, bí àṣàyàn ewì. Àpẹẹrẹ: "Ìgbìmọ̀ ti ṣe àṣàyàn àwòrán tí wọn yóò gbé kọ́."

Àkójọ, ìyẹn ìpàtẹ tí a kàn kó gbogbo iṣẹ́ jọ sí, ni wọ́n sábà máa ń ṣì pè ní àṣàyàn. Àkójọ kì í dá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni padà.

Ìpàtẹ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Royal Academy ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọọdún láti 1769, èyí tí oníṣẹ́ ọnà Yinka Shonibare darí ní 2021, fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ẹnikẹ́ni lè san owó kí ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ìgbìmọ̀ ni yóò ṣà á yàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Academy nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti gbé tiwọn kọ́ láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ ṣà á yàn. Nítorí náà, kí ayàwòrán tó forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, kí ó kọ́kọ́ wò ó nínú ìwé ìpè bóyá àṣàyàn ni tàbí àkójọ.