Owó Wà fún Olófòófó, Ààbò Dà?

Àwọn àgbà ní olófòófó kì í gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Ní oṣù Kejìlá 2016, ìjọba àpapọ̀ yí òwe yẹn padà: ẹni tó bá tú àṣírí owó ìlú tí wọ́n jí yóò gba ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá padà wọlé. Lọ́dún 2017, òfófó mú EFCC bá mílíọ̀nù 43 dọ́là ní Ìkòyí.

Ṣùgbọ́n ìlànà lásán nìyẹn. Àbá òfin ààbò tí Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí lọ́dún náà kò di òfin.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ká ní akọ̀wé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ní Ore, rí ayédèrú ìwé owó lónìí ńkọ́? Ọ̀gá tó fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ló ń buwọ́ lu ìgbéga rẹ̀. Ìlànà lè fún un lówó. Òfin ló lè dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀.