Wákàtí Mẹ́jọ fún Ìṣẹ́jú Méjìlélọ́gbọ̀n

Aago 7:00 àárọ̀

Ìrì ṣì wà lórí koríko. Ẹni tó bá dé pápá ìyìnbọn ní Sátidé ìdíje kò ní kọ́kọ́ rí ìbọn. Kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta tí wọ́n fi ń ti ọmọ ọwọ́ kiri ni yóò rí. Wọ́n ti yọ ibi tí ọmọ ń jókòó kúrò, wọ́n sì ti kó àpótí ọta, ẹní, awò awọ̀nàjíjìn, omi àti aṣọ òjò sí i. Àwọn bàbá onírùngbọ̀n funfun ló ń tì í.

Ẹ má bi mí ní orúkọ ẹgbẹ́ tó ni pápá náà. Bí ìdíje ìbọn gígùn tí wọ́n ń pè ní highpower ṣe ń lọ ní àwọn ẹgbẹ́ kékeré ní Amẹ́ríkà ni mo kó jọ sínú ọjọ́ kan, ní ìpínlẹ̀ Ohio, nínú oṣù Karùn-ún. Mo wá fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò dé irú ibẹ̀ rí sáàárín wọn.

Ó sanwó ní tábìlì, wọ́n fún un ní káàdì máàkì. "Ìbọn ẹ dà?" "Mi ò ní, sà." Ẹnu ò ya ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní ìbọn kan tàbí méjì nílẹ̀ fún ẹni tuntun, irú AR-15 tó jọ ti ológun, pẹ̀lú awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀. Ọdún 2016 ni àjọ CMP tó ń darí ìdíje wọ̀nyí gba irú awò bẹ́ẹ̀ láàyè lórí ìbọn ológun. Kó tó dìgbà náà, ojú lásán ni.

CMP yìí gan-an ló gbé ọ̀dọ́mọkùnrin náà débẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1996, ó sì máa ń ta M1 Garand, ìbọn tí ológun Amẹ́ríkà gbé ja Ogun Àgbáyé Kejì, fún ará ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tó bá CMP ṣe, kó sì fi hàn pé òun ti lo ìbọn rí. Ìbọn àtijọ́ yìí ló fa ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn wá.

Aago 7:40

Ọ̀gá ìdíje pe gbogbo wọn jọ. Ẹni 18 ni wọ́n, ojú àmì 6 ló wà, nítorí náà ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: ọ̀wọ́ kan yóò máa yìnbọn, èkejì yóò máa kọ máàkì lẹ́yìn wọn, ẹ̀kẹta yóò wà nínú kòtò lábẹ́ ojú àmì. Lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀.

Ó ka òfin. Gbogbo ìbọn ni kí àsíá oníke wà nínú ihò ọta rẹ̀, kí ẹni tó bá ń wò láti òkèèrè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá wà níwájú ìlà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn, ì báà ṣe láti nù ún. Ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọdé tó bá bàbá rẹ̀ wá, lè pariwo pé kí wọ́n dáwọ́ ìyìnbọn dúró, gbogbo ìlà á sì dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó ti ń gbọ́ ìròyìn ìbọn láti Amẹ́ríkà kò ní retí àwùjọ tó jẹ́ pé ìbọn tí kò ní ọta nínú gan-an ni wọ́n ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ ejò.

Aago 8:15

Ọ̀wọ́ kẹta ni tirẹ̀, nítorí náà kòtò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ibi yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń ta ìbọn kò ní sọ ọ́ fún oníbàárà rẹ̀.

Kòtò náà jìn ju ẹni tó ga lọ, ògiri kọnkéré àti òkìtì ilẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Férémù onígi ńlá ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ lórí irin. Bí ọta bá kọjá, kì í ṣe ìró ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́. Ọta náà yára ju ohùn lọ, nítorí náà ó máa ń ṣán pàà lókè orí wọn, kí ìró ìbọn fúnra rẹ̀ tó dé lẹ́yìn bí ẹni kan ilẹ̀kùn lọ́nà jíjìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ orí ba ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wọn ló ti ṣe é rí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó fa férémù wálẹ̀, kó wá ihò, kó lẹ pépà mọ́ ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀, kó ki àwo kékeré bọ tuntun kí ẹni tó yìn ín lè rí i láti yáàdì 200, kó gbé àmì máàkì kọ́ etí férémù, kó sì tì í padà sókè. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju bí ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Ní yáàdì 200, dúdú àárín jẹ́ ínṣì 13, òrùka máàkì mẹ́wàá inú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 7, X tó wà láàárín gbùngbùn jẹ́ ínṣì 3.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ó ń rí ìwà ẹni tó ń yìnbọn láìrí ojú rẹ̀. Ihò kan bọ́ sísàlẹ̀, òmíràn tún bọ́ síbẹ̀, ẹ̀kẹta náà. Bàbá tó wà nídìí férémù kejì yọjú wò ó. "Ó ń já tírígà gbà ni," ló wí. "Tó bá kàn ọ́, rántí èyí." Ẹni tí wọ́n ń bá díje ló ń ka máàkì fún wọn, ẹni tí wọ́n kà á fún yóò sì wá kà á fún òun náà tó bá yá. Mi ò mọ eré ìdárayá mìíràn tí alátakò ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ tó báyìí.

Aago 9:00

Wọ́n pààrọ̀. Ó di akọ̀wé, ó jókòó sẹ́yìn ẹni tó ń yìnbọn pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn àti káàdì. Òòrùn ti mú.

Aago 9:45

Ó kàn án. Ìdúró ni àkọ́kọ́: ọta mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìfara ti nǹkan kan. Ìgúnpá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, ìbọn náà wúwo, ojú àmì sì ń rìn níwájú awò bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ilé láti inú ọkọ̀ ojú omi.

"Ṣé apá ọ̀tún ti múra? Ṣé apá òsì ti múra? Gbogbo ìlà ti múra."

Ọta àkọ́kọ́ jẹ́ márùn-ún. Èkejì jẹ́ mẹ́sàn-án, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbí ni pé kó mọ ìgbà tí kò yẹ kó yìn ín: kó sọ ìbọn kalẹ̀, kó mí, kó tún gbé e. Ìṣẹ́jú kan wà fún ọta kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í fi máàkì dá ẹni tó bá tètè parí lọ́lá. Ó gba 68 nínú 100.

Aago 10:10

Jíjókòó, ọta mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá 60. Ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó fi ọ̀já ìbọn di apá òsì rẹ̀ mú ṣinṣin. Mágasíìnì méjì ló wà níwájú rẹ̀: méjì wà nínú ọ̀kan, mẹ́jọ wà nínú èkejì. Ó béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ márùn-ún márùn-ún. Garand náà ni. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń ki ọta mẹ́jọ sínú rẹ̀ pẹ̀lú irin tó dì wọ́n pọ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ yin mẹ́wàá gbọ́dọ̀ fi méjì ṣáájú. Ìbọn yí padà, ìṣirò rẹ̀ kò yí.

Àwọn ojú àmì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yin méjì, ó pààrọ̀ mágasíìnì, ó gbójú sókè díẹ̀, ó padà sídìí awò. Ojú àmì aládùúgbò rẹ̀ ló padà sí. Ọta kan ti lọ kó tó mọ̀. Mẹ́sàn-án ni wọ́n rí lórí tirẹ̀; òdo ni wọ́n kọ fún ẹ̀kẹwàá. Ó gba 77.

Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó bá ẹni ńlá kẹ́gbẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1874, àwọn ará Ireland wá bá ti Amẹ́ríkà díje ní Creedmoor, ní Long Island, ẹni mẹ́fà sí mẹ́fà, ní yáàdì 800, 900 àti 1000. Máàkì mẹ́rin ni àárín gbùngbùn ń gbà nígbà náà. J. K. Milner ti Ireland yin ọta kan lọ sí àárín gbùngbùn, àmọ́ ojú àmì tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Òdo ni wọ́n kọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi ń ṣú, Amẹ́ríkà ní 934, Ireland ní 931. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ìdíje yẹn ló sọ eré yìí di ohun tí gbogbo ìlú ń sọ. Ọdún mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, ní 1871, ni William Church àti George Wingate, tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ ọ̀gá ológun nígbà ogun abẹ́lé, dá ẹgbẹ́ ìyìnbọn NRA sílẹ̀ ní New York. Wọ́n ti rí i lójú ogun pé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kò mọ ìbọn yìn rárá.

Aago 11:00

Yáàdì 300, ìdojúbolẹ̀, ọta mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá 70. Ilẹ̀ ló gbé e ró, kò sí nǹkan tó ń mì. Ó gba 86, kò sì sí ìtàn níbẹ̀.

Aago 12:40 ọ̀sán

Wọ́n ti jẹ búrẹ́dì tán, wọ́n ti ti kẹ̀kẹ́ wọn dé yáàdì 600. Láti ibí, dúdú ojú àmì tó jẹ́ ínṣì 36 kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ lójú lásán. Ogún ọta, ogún ìṣẹ́jú. Ọta tí bàbá tó ń kọ máàkì lẹ́yìn rẹ̀ fún un gùn ju mágasíìnì lọ, nítorí náà lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń fọwọ́ kì í.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá níbí. Bó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ní máìlì mẹ́wàá ní wákàtí kan, ó lè gbé ọta kékeré yìí kúrò lójú ọ̀nà ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ kó tó dé. Bọ́tìnnì ara awò máa ń dún "kẹ́" bí wọ́n bá yí i; "kẹ́" kan jẹ́ ínṣì kan ààbọ̀ ní ibi tó jìn tó yìí. Òfin kò gbà kí wọ́n máa kọ́ ẹni tó ń díje lórí ìlà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kékeré máa ń fojú fo ti ẹni tuntun. Bàbá náà yí awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ títí ojú àmì fi di bàìbàì díẹ̀, tí ooru ilẹ̀ sì hàn.

"Wo bó ṣe ń ṣàn. Apá wo ló ń lọ?"

"Ọ̀tún, sà."

"Yí i ní mẹ́fà sí òsì. Má tíì yìn ín. Ó ti ń dá dúró… ó ti tún gbéra. Ó yá."

Mẹ́wàá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára ki òmíràn láìwo ooru. Afẹ́fẹ́ ti lọ sílẹ̀. Mẹ́fà ló gbà, lápá òsì. Bàbá náà ò sọ nǹkan kan, ó kàn tẹ bírò mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lè kọ ọ́ síbẹ̀: ọta wo, wákàtí wo, afẹ́fẹ́ wo. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé, ó ní 147 nínú 200.

Aago 2:30 ọ̀sán

Ó padà sínú kòtò fún ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn. Kò tẹ orí ba mọ́. Ọmọbìnrin kan tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ló ń yìnbọn sí férémù rẹ̀, mẹ́wàá àti X ló sì ń tẹ̀ léra wọn. Ó ń lẹ pépà títí ọwọ́ fi ń ro ó.

Aago 3:00

Wọ́n ka máàkì: 378 nínú 500. Bí wọ́n bá pín in, kò pé ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò bá tó 84 wà ní ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá, Marksman. Master ń bẹ̀rẹ̀ láti 94, High Master láti 97. Ìyìnbọn rẹ̀ lápapọ̀, bí aago bá kà á, kò ju ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Àwọn wákàtí yòókù, iṣẹ́ ẹlòmíràn ló fi ṣe.

Ó bi bàbá náà ní ohun tí òun yóò kọ́kọ́ rà. Ó ti ní orúkọ ìbọn mẹ́ta lọ́kàn.

"Má ra ìbọn. Ti ẹgbẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ra ìwé àkọsílẹ̀, ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn fún ọwọ́ òsì. Tó o bá ṣì ń bọ̀ nígbà tí oṣù Keje bá dé, lọ sí Camp Perry létí adágún Erie. Ilé ẹ̀kọ́ ìyìnbọn wà níbẹ̀ fún ẹni tuntun. Sátidé tó ń bọ̀, a ó máa yìnbọn ní yáàdì 100 níbí, lórí ojú àmì tí wọ́n dín kù. Kò sí kòtò fún un."

"Ta ló máa wá ka ihò, sà?"

"Ìwọ náà ni. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lọ sídìí rẹ̀. Wá ní aago méje, tábìlì ń bẹ láti gbé."