Ọdún Tí Jackie Robinson Wọ Brooklyn Dodgers

Ìtàn tòní wá láti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé láàárín àwọn tí kì í ṣe èèyàn rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára.

Nínú eré béèsìbọ́ọ̀lù, igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó gbá a á sáré yí ká. Tó bá délé, àmì kan nìyẹn. Ó ju 50 ọdún lọ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọn ò fi gba aláwọ̀ dúdú kankan. Àfi ní April 15, 1947, tí Brooklyn Dodgers gbé Jackie Robinson wọ pápá.

Ojú ẹ̀ rí màbo. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tiẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ ní àwọn ò bá a gbá. Nígbà tí Phillies wá, Ben Chapman, kóòṣì wọn, ń bú àwọ̀ ara ẹ̀ ní gbangba. Branch Rickey tó mú un wá ti kìlọ̀ fún un: má fèsì. Kò fèsì. Kì í ṣe ojo o. Ó mọ̀ pé tóun bá jà, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kí sáà náà tó parí, ó ti sáré délé nígbà 125. Dodgers gba líìgì wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yankees fi 4 sí 3 borí wọn níkẹyìn. Ní July ọdún yẹn náà, Cleveland gba Larry Doby, aláwọ̀ dúdú kejì.

Ẹ sọ ọ́ fáwọn ọmọ wa tá a bí sílẹ̀ yìí: ẹni tó kọ́kọ́ wọlé, ó ń dilẹ̀kùn mú fún ẹlòmíì ni.