Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Onísàìkọ́lọ́jì Ilé Ìwòsàn

Onísàìkọ́lọ́jì ilé ìwòsàn ni ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò àrùn ọpọlọ, tó sì ń fi ọ̀rọ̀ sísọ àti ìlànà àtúnṣe ìwà tọ́jú aláìsàn. Oògùn kíkọ kì í sábà sí níbẹ̀. Lightner Witmer ló dá ilé ìtọ́jú àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania lọ́dún 1896. Ní 1949, àpérò kan nílùú Boulder ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìwádìí ṣe, kó sì mọ ìtọ́jú.

Àyẹ̀wò ló gba ọgbọ́n jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá aláìsàn lẹ́nu wò àti bí wọ́n ṣe ń lo òṣùwọ̀n bíi ti Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, èyí tó jáde ní 1961 pẹ̀lú ìbéèrè 21 lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún ará Amẹ́ríkà lè má gbọ́ èdè ara wa. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, orí gbígbóná, tàbí kí nǹkan máa rìn lára, ni ẹlòmíì fi ń sọ ìdààmú ọkàn rẹ̀. Irú ẹ̀dùn ara báyìí ni onísàìkọ́lọ́jì Peter Ebigbo kó jọ sínú òṣùwọ̀n Enugu ní 1982.

Ẹ̀ka kan tó sún mọ́ iṣẹ́ yìí ni sàìkọ́lọ́jì ìlera, tó ń wo bí ọkàn àti ìwà ṣe kan àìsàn ara. Ó di ẹ̀ka nínú ẹgbẹ́ àwọn onísàìkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà ní 1978. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni dókítà George Engel kọ̀wé pé ara, ọkàn àti àwùjọ ló jọ ń bí àìsàn. Ìbéèrè ẹ̀ka yìí kò jìnnà sílé: kí ló dé tí ẹlẹ́jẹ̀ ríru fi ń pa oògùn tì nígbà tí kò bá ti sí ìrora?